Tùràrí Inú Gíláàsì

Owó ọtí ni bàbá mi fi tọ́ mi dàgbà, owó ọtí ni wọ́n fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo fi ń jẹun títí dòní, síbẹ̀ n ò rí ọjọ́ kan tí wọ́n mutí yó. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n gbóòórùn ọtí, kí wọ́n tọ́ ọ wò, kí wọ́n sì tu ú sínú garawa. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ra wisikí láti òkè òkun, tó sì ń tà á fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì àti àwọn ilé ìtajà ńlá, ni wọ́n ti ń ṣe é. Kí ilé iṣẹ́ náà tó náwó lé ìgò kan ṣoṣo lórí, bàbá mi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé imú sí i. Bí bàbá bá ní ó dára, wọ́n á rà á. Bí bàbá bá ní kò dára, ẹni tó gbé e wá á gbé e padà, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá ọ̀gá pàápàá. Bàbá Onímú ni gbogbo wọn ń pè wọ́n níbi iṣẹ́, bàbá sì fẹ́ràn orúkọ yẹn ju èyí tí ìyá wọn sọ wọ́n lọ.

Ohun tí àwọn ará ibi iṣẹ́ ò mọ̀ ni pé imú yẹn ò dá ṣiṣẹ́. Gbogbo ilé wa ló ń bá a ṣiṣẹ́. Ilé wa nìkan ni mo mọ̀ ládùúgbò tí wọn kì í ti í dín àlùbọ́sà. Bí màmá mi bá fẹ́ se ẹja, ẹ̀yìnkùlé ni, pẹ̀lú ìdérí tó fún pinpin. Ọṣẹ wa ò lóòórùn, ìpara wa ò lóòórùn. Káfúrà ò gbọ́dọ̀ wọ inú àpótí aṣọ wa, kòkòrò sì ń jẹ aṣọ wa bí ẹni tó sanwó oúnjẹ. Bí mo bá jẹ àlùbọ́sà nílé ọ̀rẹ́ mi, tí mo fọ ẹnu títí eyín fẹ́ yọ, bàbá á kàn wò mí láti orí àga wọn, wọ́n á ní, "Ó dùn?" Màá ní, "Kí ló dùn?" Wọ́n á ní, "Àlùbọ́sà."

Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ aránṣọ tán, tí mo gbé ẹ̀rọ mi sí yàrá iwájú, ọ̀sẹ̀ kan ò tíì pé tí bàbá fi ní òróró ẹ̀rọ náà ń bá àwọn sùn. Mo gbé e lọ sí yàrá kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé, láàárín àwọn kẹ̀kẹ́ tó ti bàjẹ́. Inú bí mi, mo sì sọ ọ́ jáde. Mo ní ṣé imú nìkan ló ń gbé nínú ilé yìí ni? Màmá mi ni wọ́n fà mí sẹ́yìn.

"Imú bàbá rẹ loko tá a ń ro," ni wọ́n wí. "Ta ní í da iyọ̀ sóko ara ẹ̀?"

Màmá mi kì í jiyàn. Wọ́n á sọ gbólóhùn kan, wọ́n á sì yí padà sídìí ìkòkò wọn.

Mo bá bàbá lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan tí a gba ìsinmi nílé ìwé, nítorí náà mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Yàrá kékeré kan ni: ògiri funfun, fèrèsé kan, tábìlì kan, àga kan. Kò sí òdòdó, kò sí káléńdà, ẹni tó bá fi lọ́fínńdà sára ò sì gbọ́dọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà. Àárọ̀ ni, kí oúnjẹ tó kan ẹnu. Bàbá á da ọtí díẹ̀ sínú gíláàsì tó yọ ikùn, tí ẹnu rẹ̀ sì kéré. Wọ́n á gbé e síwájú bébà funfun láti wo àwọ̀ rẹ̀. Wọ́n á yí i, wọ́n á wo bó ṣe ń ṣàn wálẹ̀ lára gíláàsì, bóyá ó ń yára tàbí ó ń fà. Lẹ́yìn náà ló wá kan imú. Bàbá kì í ti imú bọ ẹnu gíláàsì bíi tèmi tí mo dán an wò, tí omi dà lójú mi. Wọ́n á jìnnà sí i díẹ̀, wọ́n á la ẹnu díẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí òórùn náà wá bá wọn fúnra rẹ̀. Wọ́n á kán omi sí i, wọ́n á tún gbọ́ ọ. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó fi kan ahọ́n, wọ́n á yí i ká ẹnu, wọ́n á tu ú dà nù, wọ́n á sì dákẹ́ láti mọ ohun tó kù lọ́fun.

Ọ̀pọ̀ ọtí kì í kọjá ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bàbá bá rí èyí tó jọ pé ọ̀rọ̀ ṣì kù nínú rẹ̀, wọ́n á yọ áńkáṣíìfù funfun kan láti inú bébà, wọ́n á fi bo gíláàsì náà lórí, wọ́n á sì jáde lọ mu ife omi gbígbóná kan lọ́dẹ̀dẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó sinmi," ni wọ́n máa ń wí, "kó sọ tinú ẹ̀." Oṣù kan lè kọjá kí bàbá má bo ọtí kankan. Ọtí tí Bàbá Onímú bá sì bò, gbogbo ọ́fíìsì á ti gbọ́ kó tó di ọ̀sán.

Áńkáṣíìfù yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ màmá mi ni. Omi lásán ni wọ́n fi ń sè é, kò gbọ́dọ̀ rí ọṣẹ. Inú ilé ni wọ́n ń sá a sí, nítorí èéfín àwọn ará ilé kejì. Wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á ká a, wọ́n á tò ó sínú dúrọ́ọ̀ kékeré kan ní yàrá wọn, dúrọ́ọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣí àfi àwọn. Láràárọ̀ wọ́n á mú ọ̀kan, wọ́n á fi bébà tó mọ́ wé e, wọ́n á fi sínú báàgì bàbá. Bàbá ò gbọ́kàn lé áńkáṣíìfù mìíràn láyé yìí. Bí mo ṣe mọ̀ wọ́n sí, ìfẹ́ tí wọ́n ní sí màmá mi, ibẹ̀ ni wọ́n ń fi pamọ́ sí.

Ọdún tí ìyá àgbà kú, ìyá tó bí màmá mi, ni wisikí Jàpáànù dé. Mo ti dàgbà nígbà yẹn, mo ti ń ránṣọ fún gbogbo òpópónà wa, ṣùgbọ́n mo ṣì ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀gá àwọn bàbá, obìnrin kan tó jogún ilé iṣẹ́ náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ló rí oníṣòwò kan tó fẹ́ tà á fún wọn. Wisikí àpòpọ̀ ni, ìyẹn ni pé kò wá láti inú àgbá kan ṣoṣo. Wisikí oríṣiríṣi ni, òmíràn láti ara ọkà báálì, òmíràn láti ara àgbàdo, tí ẹnì kan tó mọṣẹ́ pò pọ̀ títí wọ́n fi di ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ náà ò tíì ta ọtí Jàpáànù rí. Owó rẹ̀ ga, odidi kọ̀ńténà kan ni wọ́n sì fẹ́ rà. Ẹnu bàbá mi ni gbogbo wọn ń wò.

Bàbá náà ò jókòó lásán. Wọ́n ti kà níbì kan pé igi kan wà ní ilẹ̀ Jàpáànù, tí wọ́n bá fi ṣe àgbá, tí wisikí sì pẹ́ nínú rẹ̀, ọtí náà á máa ta sánsán bíi tùràrí. Wọn ò tíì pàdé òórùn yẹn nínú ọtí kankan láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, òun nìkan ni wọ́n ń sọ lórí oúnjẹ. Wọ́n ní ohun tójú ń wá lojú ń rí. Ti imú náà ò yàtọ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, bàbá wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹ̀rín ò wọ́pọ̀ lẹ́nu wọn, èmi gan-an rò pé wọ́n gba ẹ̀bùn ni. Wọn ò tíì bọ́ bàtà tí wọ́n ti ń pe màmá mi.

"Ìyá ọmọ mi! Mo rí i lónìí."

"Kí lẹ rí?" Màmá ń pín ẹ̀wà sínú àwo.

"Tùràrí! Nínú ọtí! Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, èso ló kọ́kọ́ yọjú, èso tó ti pọ́n. Oyin díẹ̀. Lẹ́yìn náà búrẹ́dì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ọtí tó mọ́ ni, kò kígbe mọ́ èèyàn. Mo tọ́ ọ wò, ó lọ jẹ́jẹ́. Mo ní èyí ṣì ní nǹkan nínú. Mo bò ó, mo jáde. Nígbà tí mo padà tí mo ṣí i báyìí..." Bàbá gbé ọwọ́ sókè bí ẹni ń ṣí ìdérí. "Háà! Bíi yàrá tí wọ́n ti jó tùràrí látàná, tí wọ́n wá ṣí fèrèsé, tó wá ku díẹ̀ lára aṣọ. Mo ti ń gbóòórùn ọtí látọjọ́ tó ti pẹ́, n ò gbọ́ ohun tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí."

Wọ́n jókòó, wọ́n wo ọwọ́ ara wọn.

"Ó sì jọ pé mo ti gbọ́ ọ níbì kan rí. N ò kàn mọ ibẹ̀ ni."

Mo wo màmá mi. Ṣíbí ti dúró lọ́wọ́ wọn.

"Ẹ ti sọ fún wọn níbi iṣẹ́?" ni màmá bi wọ́n.

"Mo ti sọ fún Ọ̀gá. Lọ́jọ́bọ̀, àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ wa ń bọ̀, wọ́n fẹ́ kí n tọ́ ọ wò lójú wọn kí wọ́n tó sanwó." Bàbá fi ìka kan imú wọn. "Ohun kan ṣoṣo ló ń yọ mí lẹ́nu. Imú rí i, ahọ́n ò rí i. Ó yẹ kí ohun tó wà lókè gíláàsì wà nínú ẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n bóyá ahọ́n mi ló ń darúgbó."

Wọ́n jẹ ẹ̀wà náà tán, wọ́n tún bù sí i. Màmá ò fọwọ́ kan tiwọn.

Bí bàbá ṣe bọ́ sílé ìwẹ̀ báyìí ni màmá gbá mi lápá mú, ó di yàrá wọn. Wọ́n ṣí dúrọ́ọ̀ náà. Lábẹ́ àwọn áńkáṣíìfù, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, àpò aṣọ kékeré kan wà níbẹ̀, ó ti gbó, wọ́n fi òwú so ó lẹ́nu.

"Gbóòórùn ẹ̀," ni wọ́n wí.

Mo gbé e sí imú. N ò ní láti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá àgbà ni. Aṣọ ìyá àgbà, itan ìyá àgbà tí mo máa ń gbórí lé, àpótí aṣọ wọn bí wọ́n bá ṣí i. Èérún igi tùràrí ni wọ́n máa ń kó sínú àpò yẹn, àárín aṣọ wọn ló sì wà láti ìgbà tí màmá mi ti wà lọ́mọdé. Nígbà tí wọ́n kú, àbúrò màmá mi mú aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀. Màmá mi ní àpò yìí nìkan làwọn fẹ́.

"Mi ò lè gbé e síta," ni màmá wí. "Bàbá rẹ á gbọ́ ọ láti ẹnu géètì. Mo ní kò sẹ́ni tó ń ṣí ibí yìí àfi èmi. Bí ẹ bá ti jáde lọ́sàn-án, màá wá ṣí i, màá gbóòórùn ìyá mi díẹ̀, màá so ó padà. Ọ̀ràn ò sí ńbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó ń wọ áńkáṣíìfù lára."

"Báwo ni bàbá ò ṣe gbọ́ ọ? Orí bẹ́ẹ̀dì wọn kọ́ nìyí?"

"Imú ò gbọ́ òórùn ibi tó ń sùn. Ṣé ìwọ ń gbọ́ òróró ẹ̀rọ rẹ ni?"

Òótọ́ ni, n kì í gbọ́ ọ. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rín ń pa mí, omi sì wà lójú mi. Bàbá Onímú! Ẹni tó ń gbọ́ àlùbọ́sà lẹ́nu èèyàn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn! Aṣọ ìyá ìyàwó wọn ni wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní Jàpáànù ni! Àwọn àgbà kúkú ní a kì í mọ̀ ọ́n rìn, kí orí má mì.

"Ẹ sọ fún wọn," ni mo wí nígbà tí ẹ̀rín dá.

"Kí n sọ pé kí ni? Pé ohun tó dùn mọ́ wọn jù látọjọ́ tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, inú dúrọ́ọ̀ mi ló ti jáde? Àti pé bí mo bá sọ ọ́, àpò yìí ò ní sun ilé yìí mọ́jú. Ibo ni kí n gbé ìyá mi lọ?"

Ohun tí a ṣe nìyí. Màmá mi tún gbogbo áńkáṣíìfù náà sè, wọ́n fi omi gbígbóná nu inú dúrọ́ọ̀ náà, wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Wọ́n gbé àpò náà fún mi, mo tì í sínú agolo bọ́tìnnì ní yàrá ẹ̀rọ mi, níbi tí òróró máa gbé òórùn rẹ̀ mì. Èrò wa ni pé bàbá á tún ọtí náà tọ́ wò lọ́jọ́bọ̀, wọ́n á rí i pé kò sí tùràrí níbẹ̀, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n bá bá nínú gíláàsì, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. A rò pé a gbọ́n.

Lọ́jọ́bọ̀, bàbá wọ ṣẹ́ẹ̀tì wọn tó dára jù. Mo ń rán aṣọ ilé ìwé ọmọ kan lọ́sàn-án nígbà tí mo gbọ́ géètì. Kò tíì tó àkókò tí wọ́n máa ń dé. Nígbà tí mo fi máa jáde, bàbá ti jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, báàgì wọn wà lórí itan wọn, wọn ò bọ́ bàtà. Màmá dúró tì wọ́n.

"Kò sí ńbẹ̀," ni bàbá wí.

Mo sún mọ́ wọn.

"Mo gbọ́ ọ lójú gbogbo wọn. Èso ni, oyin ni, búrẹ́dì ni. Mo bò ó, mo jáde, mo wọlé, mo ṣí i. Kò sí nǹkan. Mo ní kí wọ́n ṣí ìgò míì. Kò sí nǹkan. Gbogbo wọn ń wo imú mi. Ọ̀gá ò pariwo o. Ọ̀gá kàn rọra ní, 'Bàbá, ẹ lọ sinmi nílé.'" Bàbá yí báàgì náà padà lórí itan wọn. "Tó bá jẹ́ pé imú mi kú ni, ì bá sàn. Imú tó kú, èèyàn mọ̀ pé ó ti kú. Èyí tó ń purọ́ ńkọ́? Lọ́jọ́ Ajé ó lóun rí ohun tí kò sí. Mélòó ló ti purọ́ ẹ̀ fún mi tí n ò mọ̀? Mélòó ni mo ti lé padà tó dára? Lọ́la, màá lọ bá Ọ̀gá, kí wọ́n wá ẹlòmíì."

A ò ronú kan ìyẹn rárá. Èmi àti màmá wọ ilé ìdáná, a ò lè wo ojú ara wa. Bàbá mi ò mọ bọ́ọ̀lù, wọn ò mọ ọ̀rọ̀ ìṣèlú, wọn ò lè kan ìṣó kó má wọ́. Imú yẹn nìkan ni Elédùmarè fún wọn. Ká tó mọ ohun tí à ń ṣe, a ti bá wọn fi í sínú iyèméjì.

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹ sì jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu mi.

"Màmá, ẹ dákẹ́. Ó ti tó àkókò tí wọ́n máa fẹ̀yìn tì tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá jókòó sílé, ẹ ó dín àlùbọ́sà, ẹ ó fi lọ́fínńdà wẹ̀ tó bá wù yín, ẹ ó gbé àpò ìyá yín sórí tábìlì. Kò ní sẹ́ni tó máa bi yín."

Màmá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ṣé èmi ni mo bí ẹ ṣá?" ni wọ́n wí. "Kí n wá máa gbóòórùn ìyá mi, kí ọkọ mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, kó máa rò pé irọ́ lòun fi gbogbo ayé òun pa? Lọ gbé e wá."

Mo lọ gbé e wá. Màmá mú un, wọ́n jáde, wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá, wọ́n tú òwú ẹnu àpò náà, wọ́n sì gbé e lé orí báàgì bàbá. 

Bàbá ò gbé e sí imú. Wọ́n ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe ọtí: wọ́n jìnnà sí i díẹ̀, wọ́n la ẹnu díẹ̀, wọ́n dúró dè é. Mo rí i tí èjìká wọn rọ̀.

"Òun ni," ni bàbá wí. Lẹ́yìn náà wọ́n tún wí, "Òun ni! Ibo lo ti rí i?"

"Ti ìyá mi ni. Abẹ́ áńkáṣíìfù yín ni mo gbé e pamọ́ sí. Òun lẹ gbọ́ lọ́jọ́ Ajé. Mo tún áńkáṣíìfù sè, ni ẹ ò ṣe gbọ́ ọ lónìí. Imú yín ò purọ́. Èmi ni mo purọ́."

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí màá fi gbèjà màmá. Bàbá ò bínú. Wọ́n tún gbóòórùn àpò náà, wọ́n pa ojú dé.

"Mo mọ̀ pé mo ti gbọ́ ọ níbì kan," ni wọ́n wí. "Ilé ìyá rẹ ni. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wá. Ìwọ lo gbé omi wá fún mi, aṣọ rẹ ń ta sánsán. N ò gbọ́ ohun tí bàbá rẹ ń bá mi sọ mọ́. Mo kàn ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni sà, bẹ́ẹ̀ ni sà." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá yíjú sí màmá, ó sì hàn lójú wọn pé wọ́n fẹ́ mọ̀ lóòótọ́. "Kí ló dé tó ò fi lò ó mọ́?"

Màmá gbé àpò náà sí itan tiwọn.

"Ọ̀sẹ̀ tá a ṣègbéyàwó lẹ ní kí n má lò ó mọ́."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ yẹn. Ẹ ní ó ń dí yín nímú."

Bàbá wo ilẹ̀. Ó hàn pé wọn ò rántí, pé wọ́n ń wá a nínú orí wọn, wọn ò sì rí i. Ohun tí màmá mi fi gbogbo ọdún yẹn rù, bàbá ò mọ̀ pé àwọn làwọn gbé e rù wọ́n.

"Gbogbo ọjọ́ yìí," ni bàbá wí, "o ò sì sọ nǹkan."

"Ẹ ò bi mí."

Wọ́n ní bí ojú bá ń sunkún, imú náà a máa bá a sun. Bàbá yọ áńkáṣíìfù ọjọ́bọ̀ yẹn láti inú báàgì, èyí tí a tún sè, wọ́n fi nu ojú, wọ́n fi fun imú. N ò rí i kí wọ́n fi áńkáṣíìfù iṣẹ́ fun imú rí. Mo padà sídìí ẹ̀rọ mi, ṣùgbọ́n n ò lè rí ojú abẹ́rẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, bàbá lọ bá Ọ̀gá, àwọn oníbàárà náà sì padà wá. Bàbá ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, láti orí àpò ìyá ìyàwó títí dé agolo bọ́tìnnì. Bàbá fúnra wọn ló sọ fún wa pé Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí tó fi di tábìlì mú, pé awakọ̀ tó wà níta wọlé wá wò bóyá nǹkan ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, bàbá ní kí wọ́n fún àwọn ní gíláàsì tuntun, wọ́n tọ́ ọtí náà wò lójú gbogbo wọn láìbo nǹkan kan, wọ́n sì sọ èrò wọn.

"Ọtí tó dára ni. Ẹni tó pò ó mọ̀ ọ́n pò. Wisikí ibẹ̀ pọ̀, ìkankan ò bá èkejì jà. Kò sí tùràrí nínú ẹ̀. Ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ má rà á lówó tùràrí."

Oníṣòwò náà sọ owó rẹ̀ wálẹ̀, wọ́n sì rà á. Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá Onímú di Bàbá Onítùràrí níbi iṣẹ́. Bàbá lérí pé àwọn ò ní jẹ́ orúkọ yẹn. Ìgbà tó ṣe, wọ́n ń jẹ́ ẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n lọ ro ẹjọ́ ara wọn yẹn, bàbá wọ yàrá, wọ́n fa dúrọ́ọ̀ náà yọ, wọ́n kó gbogbo áńkáṣíìfù inú rẹ̀ sínú páálí. Màmá sáré wọlé pé kí lẹ̀ ń ṣe, ṣé ẹ mọ bó ṣe pẹ́ tó kí n tó lọ̀ wọ́n ni? Bàbá ní ibi iṣẹ́ ni wọ́n ń kó lọ, pé ọ́fíìsì náà ní ìkòkò tí wọ́n lè fi sè wọ́n, àti pé áńkáṣíìfù ló ń lọ, kì í ṣe àpò. Wọ́n gbé àpò ìyá àgbà sáàárín dúrọ́ọ̀ tó ṣófo náà, wọ́n rọra tì í padà. Wọ́n wá gbé páálí lé èjìká, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà wọn kiri.

Bàbá ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ sí i kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Láràárọ̀, wọ́n ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé, wọ́n sì ń wọ aṣọ iṣẹ́ wọn ní yàrá ẹ̀rọ mi, kí òórùn ilé má bàa tẹ̀ lé wọn. Èmi ni mo wá ń dúró níta kí wọ́n tó wọṣọ tán. Mo ní ṣé òróró ẹ̀rọ mi ò dí wọn nímú mọ́ ni? Wọ́n ní kí n máa ránṣọ mi lọ. Lọ́jọ́ Ẹtì, tí kò bá ti sí ọtí títọ́wò lọ́jọ́ kejì, màmá máa ń dín àlùbọ́sà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dín in, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé, bàbá sín títí, wọ́n sì jẹun tán láìsọ nǹkan kan.

Wọ́n ti fẹ̀yìn tì báyìí, àwọn méjèèjì ti darúgbó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kí wọn. Màmá wà ní ilé ìdáná, mo ń bá wọn bó èèpo àlùbọ́sà. A gbọ́ tí dúrọ́ọ̀ dún ní yàrá. Ó pẹ́ díẹ̀, bàbá wá kígbe láti ibẹ̀.

"Ìyá ọmọ mi! Òórùn ìyá rẹ ti ń tán lọ nínú àpò yìí o!"

Màmá nu ọwọ́ wọn.

"Ẹ so ó padà," ni wọ́n dáhùn. "Ẹ má gbọ́ ọ tán mọ́ mi lọ́wọ́."